Owó òṣùpá la san, iná ni wọ́n tàn fún wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín, torí ó ń dùn mí.

Ní Sátidé tó kọjá, ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 2025, mo wà lára àwọn tí wọ́n kó gun òkè kan lágbègbè Ìkẹ́rẹ́ lóru. Kì í ṣe Olósùnta o. Ìyẹn ní àwọn tó ni ín, a kì í dédé gùn ún. Wọ́n ní ká wá wo òṣùpá àrànmọ́jú, pé afinimọ̀nà yóò ṣíwájú wa. Ọmọ mi ló sanwó fún mi. Ó ní lókè òkun tí òun wà, bí yìnyín bá ti ń yọ́ nínú oṣù Kẹta làwọn èèyàn máa ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ wọ igbó lóru òṣùpá, pé àwọn ará Amẹ́ríkà tiẹ̀ ń pe ti oṣù náà ní òṣùpá ekòló, torí ìgbà náà ni ilẹ̀ ń rọ̀ tí ekòló ń jáde. Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò àkọ́rọ̀ ló ń pe ekòló jáde, òun àti ejò.

Wọ́n mú ọjọ́ dáadáa, mo gbà fún wọn. Nǹkan bí aago kan òru mọ́jú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni òṣùpá kún tán. Òun náà ni ìjọ fi ń ka Àjíǹde: Ọjọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀lé òṣùpá tó kọ́kọ́ kún láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta. Kí oòrùn tó wọ̀ tán ló ti yọ, ó tóbi, ó pọ́n bí epo.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n tan iná. Afinimọ̀nà de iná mọ́rí, ọ̀dọ́ méjì gbé iná ńlá oníbátìrì tẹ̀ lé e, gbogbo àwa yòókù tan fóònù. Ẹnìkan tún gbé àpótí orin dání. Ibi tí iná dé funfun báláú. Ìṣísẹ̀ kan kọjá ibẹ̀, òkùnkùn biribiri. Ibẹ̀ ni ìyá kan ti tẹ àpáta tí òjò Ọjọ́bọ̀ ti mú kó máa yọ̀ bí ilá, ó jókòó gbì. A dúpẹ́ pé ìdí nìkan ló fi gbá ilẹ̀.

Nígbà tó yá, bátìrì iná ńlá náà kú. Wọ́n ń pariwo, ṣùgbọ́n bàbá ọdẹ tó tẹ̀ lé wa ní ká pa tọwọ́ wa náà, ká jókòó jẹ́ẹ́. Ojú kì í tètè mọ òkùnkùn; ó máa ń tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó là, bí iná bá sì kọ lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, ká tún bẹ̀rẹ̀ ni. A jókòó. Díẹ̀díẹ̀ ni àpáta ń funfun. Mo rí òjìji ọwọ́ mi lórí itan mi. Mo rí ibi tí omi ti ṣàn lára òkè, tó ń dán bí ipa ìgbín. Ankara obìnrin iwájú mi, tí mo mọ̀ pé pupa ni, ti di dúdú, torí òṣùpá kì í fi àwọ̀ hanni. Ìgbà tí mo rí irú rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹkùn mẹ́ran la ń ṣe lójúde bàbá mi, iná ìjọba ò tíì dé àdúgbò wa.

A gbádùn bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ni ẹnìkan bá mú bátìrì mìíràn jáde nínú àpò.

Olóòtú, ẹ bá mi sọ fún wọn. Mi ò ní kí wọ́n má mú iná dání. Paramọ́lẹ̀ ń bẹ, igbó ìsàlẹ̀ òkè sì ṣókùnkùn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Àmọ́ tí a bá ti dé orí àpáta gbalasa, ẹ pa á. Ẹ fi bàbá ọdẹ síwájú, ẹ yé fi í sẹ́yìn bí ẹni tó wá gbẹ́rù. Bí ẹ bá sì gbọ́ àrá lọ́ọ̀ọ́kán, irú èyí tó máa ń sán nírọ̀lẹ́ àsìkò yìí, ẹ kó wa sọ̀ kalẹ̀, ẹ má wo ti owó. Kò síbi tí èèyàn lè sá sí lórí àpáta.

Òṣùpá yóò tún kún ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún. Ọmọ mi ní òun á tún sanwó. Mo ti ra bàtà òjò tó dé orúnkún.

Èmi ni,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.