Ọ̀nà tí epo gbà lọ ni owó ń gbà bọ̀

Ọ̀rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo ka gbogbo ohun tí o kọ ránṣẹ́ nípa ìgò tí o fẹ́ máa rọ epo pupa sí, nípa bébà orúkọ tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn, àti nípa ilé ìtajà ńlá mẹ́rin tó ti gbà láti máa bá ọ tà á ní Èkó. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ojú ìwé mẹ́ta tí o kọ, o kò sọ níbì kankan pé ọjọ́ wo ni owó yóò padà dé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ra epo ní Òkìtìpupa àti àwọn abúlé tó yí i ká, tí mo ń kó o lọ sí Èkó, àwọn alájápá tí mo sì rí tí wọ́n kógbá sílé láàárín wa, epo wọn tà dáadáa. Owó epo náà ni kò kúrò lọ́wọ́ àwọn tó rà á.

Jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan mú èrè náírà 2,000 wá bí o bá gbé e fún àwọn obìnrin onísọ̀ ní Mile 12 tàbí Oyíngbò, kí ó sì mú 6,000 wá bí o bá rọ ọ́ sínú ìgò fún ilé ìtajà ńlá. Ojú ẹni tó kàwé yóò sáré lọ síbi 6,000. Àmọ́ onísọ̀ ń sanwó láàárín ọjọ́ méje, nígbà tí ilé ìtajà ní kí o padà wá lẹ́yìn 60 ọjọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, owó kẹ́ẹ̀gì kan ti lè lọ sí Òkìtìpupa kó sì bọ̀ nígbà mẹ́jọ, èrè rẹ̀ yóò sì ti di 16,000, tí 6,000 ti ilé ìtajà ṣì wà nínú ìwé wọn. Kẹ́ẹ̀gì kan yóò sì kún ìgò sẹ́ńtílítà 75 mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré, nítorí náà owó ìgò, ìdérí àti bébà ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni o máa yọ kí o tó pe ohun tó kù ní èrè.

Èmi náà ti kó sínú pàkúté yìí rí. Ilé ìtajà kan gba ìgò 240 lọ́wọ́ mi, wọ́n ní bó bá tà ni àwọn yóò sanwó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n dá ìgò 90 padà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń là kọjá ni wọ́n tò ó sí, àwọ̀ epo náà ti ṣá, òórùn rẹ̀ sì ti yí padà; kò sí ohun tí mo lè rí sọ, nítorí a kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ni yóò ru àdánù. Mi ò ní kí o má bá irú wọn ṣòwò. Lẹ́yìn tí o bá ti gba nọ́ńbà NAFDAC, fún wọn ní ìdá kan nínú márùn-ún ọjà rẹ, kí ẹ sì kọ ọjọ́ ìsanwó àti ibi tí ìgò yóò dúró sí sínú àdéhùn.

Àwọn alárobọ̀ tí o pè ní èrò ẹ̀yìn nínú lẹ́tà rẹ ńkọ́? Àwọn ló mọ ìyá tó ń ra ìgò kan lọ́sẹ̀ àti olóúnjẹ tó ń ra kẹ́ẹ̀gì kan lọ́jọ́ méjì, wọ́n sì mọ ẹni tí àwìn rẹ̀ kì í sunwọ̀n. Bí o bá gbé epo sórí Facebook ní iye tí ìwọ fi ń tà á fún wọn, tí oníbàárà wọn bá rí i, wọn kò ní bá ọ jà. Wọn kàn máa lọ ra tẹlòmíràn ni. Jẹ́ kí iye tí o fi ń ta ìgò kan fún oníbàárà orí fóònù ga tó iye tí àwọn náà ń tà á, kí ó má ṣe rẹlẹ̀ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ló wá kù, òun ló sì ń gba ìrònú jù. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n rọ epo kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, nítorí epo máa ń wú nínú ooru. Fi àyè bí ìka mẹ́ta sílẹ̀, fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kí o tó dé e, kí kẹ́ẹ̀gì sì dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀. Nígbà kan, ọmọkùnrin tó ń bá wa dirù nítòsí Òkìtìpupa dá kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà dùbúlẹ̀ kí àyè lè gba ẹrù ẹlòmíràn. Ká tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, epo ti jò sórí àpò gaàrí méjì tí kì í ṣe tèmi, mo sì san owó gaàrí náà tán kí wọ́n tó jẹ́ kí n sọ ẹrù mi kalẹ̀.

Ẹrù tó ń lọ sí Lekki àti Ajah, má ṣe jẹ́ kó bá ti Mile 12 gba Ṣágámù wọ Èkó. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, kó gba Ẹ̀pẹ́, ìwọ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger àti afárá. Béèrè pẹ̀lú bóyá awakọ̀ yóò padà lófìfo. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo gbọ́dọ̀ padà sí Òkìtìpupa, bí o bá sì fi iyọ̀ tàbí ọṣẹ tí àwọn onísọ̀ Ọ̀rẹ̀ ń wá kún ẹrù ọkọ̀ náà, ẹrù àbọ̀ yóò bá ọ san lára owó ọkọ̀.

Má ṣe dá iye epo fún ẹnikẹ́ni kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí Ààrẹ Tinúbú kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti dópin, láàárín ọjọ́ díẹ̀ lítà bẹntiróòlù kan kúrò ní nǹkan bí náírà 185 sí 488 ní Èkó, owó ọkọ̀ sì bá a gbéra. Èmi ti bá oníbàárà mẹ́ta dá iye títí ìparí oṣù Kẹfà, mo sì mú ọ̀rọ̀ mi ṣẹ, àmọ́ àpò mi ló sanwó rẹ̀.

Ìgbà tí ẹyìn pọ̀, láti oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, ni kí o máa fi díẹ̀ pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n. Kí omi kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, kí ó wà nínú òkùnkùn, má sì ṣe rọ ọ́ sínú àgbá irin tó ti dípẹtà, nítorí ó máa ń tètè kan níbẹ̀.

Ní ti ráídà tó ń fi alùpùpù gbé ọjà dé ilé oníbàárà, kò sí èrè nínú kí ó gbé ìgò kan láti Agége lọ sí Ìkòròdú. Yan ọjọ́ kan fún apá kan ìlú, kí àwọn tó ń ra ìgò ẹyọ kan sì máa gbà á ní ìsọ̀ alárobọ̀ tó súnmọ́ wọn, kí ìwọ fún alárobọ̀ náà ní nǹkan díẹ̀ lórí ìgò kọ̀ọ̀kan.

Kẹ́ẹ̀gì 40 ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ yóò sọ wọ́n kalẹ̀ ní Ìkẹjà. Fi ọwọ́ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí awakọ̀ tó kúrò, kí o sì kọ iye tó pé sínú ìwé tó mú dání kí o tó fọwọ́ sí i. Méjì tí mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ ní Agége ló ni wọ́n, ó ti sanwó. Má tà á. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.