Àpótí ni wọ́n kọ̀, wọ́n gba ọ̀pá láàyè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí ẹni tí ooru bá ń dà láàmú nínú fúlàtì lọ ra fáànù, ó dá mi lójú pé kò gbé àjà òkè pátápátá rí. Ibẹ̀ lèmi ń gbé. Oòrùn á ti máa na òrùlé láti àárọ̀, bó bá di alẹ́, òrùlé á wá máa da ooru náà lé wa lórí. Fáànù kì í sì í mú afẹ́fẹ́ tutù, èyí tó wà nílẹ̀ náà ló ń fẹ́ káàkiri. Lọ́dún 2003, ooru pa àwọn tó lé ní 70,000 ní Yúróòpù, àwọn arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ìyá mi, ẹni ọdún 82, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilé wa pé mo fẹ́ fi ẹ̀rọ amúlétutù sí iyàrá wọn, irú èyí tí apá kan rẹ̀ máa ń wà nínú iyàrá, tí àpótí tó ń tú ooru dànù sì máa ń wà lára ògiri ìta. Ìlà kan ni èsì tí mo gbà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun kọ́ sára ògiri ìta. Mo tọ alága lọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yìnkùlé ni a máa fa páìpù lọ, ibẹ̀ ni àpótí ìta máa wà, kò sẹ́ni tó máa rí i.” Wọ́n ní òfin ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Ó dáa. Òfin ọ̀hún ò sọ nǹkan kan nípa irú ẹ̀rọ amúlétutù tó ní táyà lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń yọ ọ̀pá rẹ̀ gba ojú fèrèsé. Mo ra ọ̀kan. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pariwo tí ì bá wà nínú àpótí ìta, wà nínú iyàrá, ó ń kùn sí ìyá mi létí mọ́jú. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ní, afẹ́fẹ́ inú iyàrá ló sì ń tú síta, torí náà afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ń fi ọ̀tún tutù, ó ń fi òsì gbóná, mítà sì ń sáré. Ọ̀pá náà wá yọ síta bí ọwọ́jà erin lójú fèrèsé tó kọjú sí títì, tòun ti páálí tí mo fi dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ní nítorí ẹwà ilé lòun ṣe ṣòfin kò wí nǹkan kan.

N ò ní kí wọ́n má ṣòfin o. Àpótí ìta wúwo, bí irin tó gbé e ò bá lágbára, ó lè já lu ẹni tó ń kọjá. Ihò tí wọn ò dí dáadáa, òjò á gba ibẹ̀ wọlé. Omi tí ẹ̀rọ náà ń fà jáde nínú afẹ́fẹ́ lè máa kán sórí aṣọ tí ará ìsàlẹ̀ sá (ọ̀rinrin inú ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, ni ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Willis Carrier sá ń bá jà ní 1902 tó fi ṣe ẹ̀rọ yìí). Aládùúgbò mi tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ńkọ́, ìgbà wo ló máa sùn bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ń dún lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án? Ìwọ̀nyí gan-an ló yẹ kó wà nínú òfin: irú irin tó gbọ́dọ̀ gbé e, bó ṣe máa jìnnà sí fèrèsé ẹlòmíràn tó, ibi tí rọ́bà omi rẹ̀ máa dà sí, ẹni tó lè lu ògiri. Ẹni tó bá rú u, kí wọ́n yọ tiẹ̀.

Irú kan tilẹ̀ wà tí kò ní àpótí ìta rárá, ihò roboto méjì ló ń fẹ́ lára ògiri. Mo mú ìwé rẹ̀ lọ bá alága. Wọ́n ní ihò náà wà lára “ohunkóhun.”

Ìpàdé gbogbo ará ilé máa wáyé lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti kọ àbá mi, ènìyàn mọ́kànlá ti fọwọ́ sí i, àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ náà. Ọ̀gá tó ní ká lọ ra fáànù, kó wá bá wa jókòó ní iyàrá ìyá mi. Ọ̀sán ni kó wá.

Èmi ni,
Ará àjà òkè pátápátá