Àjàní, Ìsinmi Tí Ò Ń Tà Yẹn

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Gbogbo wa ní Abẹ́òkúta wà láàyè, a sì dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí o má gbàgbé láti máa wọ aṣọ òtútù.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. O ní o ti fọwọ́ sí ìwé fún ilé ìtọ́jú arúgbó tí o ti ń ṣiṣẹ́, pé kí wọ́n máa fún ọ ní iṣẹ́ tó ju wákàtí 48 tí òfin fi ṣe òdiwọ̀n lọ lọ́sẹ̀. O tún ní kí n má ṣèyọnu, pé láti ìpilẹ̀ ni nǹkan ti ń lọ bó ṣe yẹ fún àwọn òyìnbó, pé àwa nìkan la bá ìyà tan. Èmi tí mo fi ọdún gbọọrọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, ọmọ bíbí inú mi ló wá ń sọ èyí! Ó dáa, jókòó, kí n sọ fún ọ nípa ìlú Manchester tí ò ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn.

Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, òwú ló sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Ilé iṣẹ́ alájà márùn-ún, mẹ́fà, ló kún ibẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ran òwú, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ. Aago mẹ́fà òwúrọ̀, nígbà mìíràn kó tó lù pàápàá, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tálákà kò ní aago nílé, nítorí náà wọ́n ń san pẹ́nì díẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ẹni tí yóò gbé ọ̀pá gígùn kiri nínú òkùnkùn, tí yóò máa fi kan wíńdò yàrá wọn títí wọn yóò fi jí. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọn á gé owó rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé àwọn obìnrin ahunṣọ kọ́ bí a ṣe ń wo ẹnu ara ẹni mọ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni etí wọn sì di. Wọ́n ń jẹ́ kí inú ilé náà móoru kó sì rin, kí fọ́nrán òwú má baà máa já, eruku òwú á sì máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Ti àwọn ọmọdé ló ń dùn mí jù. Ọmọ ọdún méje, mẹ́jọ, á máa rákò lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, láti gbá òwú tó bọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń so fọ́nrán tó bá já, wọ́n á rìn síwá-sẹ́yìn látàárọ̀ dalẹ́. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọn kò láàánú. Owó tí bàbá àti ìyá ń gbà kò tó ra búrẹ́dì àti ọ̀dùnkún fún gbogbo ilé ni. Ní 1833, ilé aṣòfin wọn sọ pé ilé iṣẹ́ òwú kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9, àti pé àwọn tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀. Ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, Àjàní. Olùbẹ̀wò mẹ́rin péré ni wọ́n sì yàn láti máa ṣọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ náà, nítorí náà ìwọ náà lè fojú inú wo ohun tí àwọn ọ̀gá ń ṣe.

Ilé gbígbé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹbí ń gbé inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí omi ń sun, ilé ìgbẹ́ kan fún odidi àgbàlá. Ní 1842, Edwin Chadwick, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, gbé ìròyìn jáde lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní tí a bá pín ọjọ́ orí àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn tó kú ní Manchester dọ́gba, ọdún 17 ni. Ní Rutland tí wọ́n ti ń dáko, ọdún 38 ni. Ikú àwọn ọmọ ọwọ́ ló fà á tó fi kéré bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó ilé á kó aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ̀ lọ fi dógò, á yá owó. Tó bá di Sátidé tí owó iṣẹ́ dé, á lọ gbà á padà kí ọkọ lè rí nǹkan wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ibi yẹn, ẹ̀rín máa ń pa mí, nítorí kò sí obìnrin ọjà Ìtòkú tí kò mọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá yí i padà? Àwọn ọlọ́lá kan jà fún wọn nílé aṣòfin, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ̀yà. Ní 1819 tí wọ́n péjọ láàárín ìlú yẹn láti bèèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò, ológun ẹlẹ́ṣin yọ idà sí wọn, ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tó kú. Wọn kò dákẹ́. Ní 1847 òfin wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́ dé fún àwọn obìnrin àtàwọn ọ̀dọ́. Ní 1850 òfin ní kí àwọn yìí kan náà máa ṣíwọ́ ní aago méjì ọ̀sán Sátidé. Bọ́ọ̀lù ọ̀sán Sátidé tí ò ń tìtorí rẹ̀ pariwo, ibẹ̀ ló ti rí àyè. Manchester United tìrẹ yẹn gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Newton Heath ló dá a sílẹ̀ ní 1878. Ní Rochdale tí kò jìnnà sí ọ, ènìyàn 28 dá pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan jọ, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní 1844, wọ́n ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà tí kò lábùlà, wọ́n sì ń pín èrè gẹ́gẹ́ bí oníkálukú ṣe rajà tó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ tó yá mi ní owó ilé-ìwé rẹ, ìlànà tiwọn la ń tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kàn wá. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ ní 1861, òwú tí àwọn ẹrú ń gbìn níbẹ̀ kò wọlé mọ́, ilé iṣẹ́ tì, ebi wọ ìlú. (Thomas Clegg, ọlọ́jà òwú ní Manchester, ti ń ra òwú Abẹ́òkúta wa ṣáájú ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ kéré.) Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1862, àwọn òṣìṣẹ́ péjọ sí gbọ̀ngàn Free Trade Hall ní Manchester, wọ́n kọ̀wé sí Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀ kí oko ẹrú dópin. Lincoln fèsì. Ère rẹ̀ wà láàárín ìlú yín. Lọ ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Àǹtí rẹ ní London sọ pé o lè kọ̀wé fagi lé ìwé tí o fọwọ́ sí yẹn, pé ìkìlọ̀ ọjọ́ méje ti tó, àyàfi tí ìwé náà bá dá ìgbà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ọ́ nítorí ẹ̀. Kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí o ní wọ́n kàn ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn lásán yẹn, wọlé síbẹ̀, san owó rẹ.

Mo mọ̀ pé torí páànù ilé wa lo ṣe fi iṣẹ́ alẹ́ kún ti ọ̀sán. Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀, ó di ẹ̀yìn òjò. Bàbá rẹ ti gbé bàsíà méjì sábẹ́ ibi tó ń jò. Má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ lóṣù yìí. Tí o bá ti fún ọ̀gá rẹ ní lẹ́tà náà, pè mí, ìgbàkígbà tó bá jẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ