Olú kì í ṣe ewéko, àdán kì í ṣe ẹyẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Òṣogbo ló mú mi kọ̀wé sí yín.

Mo yẹ ìwé ọmọ mi wò, mo rí i pé wọ́n kọ olú sábẹ́ ewéko, wọ́n kọ àdán sábẹ́ ẹyẹ, olùkọ́ sì fi bírò pupa máàkì méjèèjì pé wọ́n tọ̀nà. Ó dùn mí gan-an, torí bẹ́ẹ̀ lọmọ náà ṣe máa gbé e wọ yàrá ìdánwò.

Olú kò ní ewé, kò sì ní àwọ̀ tútù tí ewéko fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Ara igi tó ti kú àti ohun tó ti ń jẹrà nínú ilẹ̀ ló ti ń fa oúnjẹ tirẹ̀. Kódà, káítínì, ìyẹn ohun líle tó wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ (sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di ara ohun ẹlẹ́mìí), òun náà ló wà nínú èèpo edé àti akàn. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ àtijọ́ kà á mọ́ ewéko. Ṣùgbọ́n nígbà tí Robert Whittaker, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, pín ohun ẹlẹ́mìí sí ìjọba márùn-ún, ìyẹn ìsọ̀rí ńlá márùn-ún, ní 1969, olú àti ìwúkàrà wà ní ìjọba tiwọn lọ́tọ̀. Ó ti pẹ́ jù kí ìwé ọmọ wa má tíì gbọ́.

Ti àdán ló tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù, nígbà tó jẹ́ pé àwọn àgbà wa fúnra wọn ti sọ pé kì í ṣe eku, kì í ṣe ẹyẹ. Irun ló wà lára rẹ̀, kò ní ìyẹ́ kankan. Kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, ó sì ń fún un lọ́mú. Awọ tó nà lé egungun ìka gígùn ló fi ń fò. Láti 1758 ni Carl Linnaeus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti kà á mọ́ àwọn ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú.

Àwọn ọmọ wa mọ "MR NIGER D" kà lórí, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n fi ń rántí àmì ohun ẹlẹ́mìí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè: mọ́tò ń rìn, ó ń mu epo, ó ń tú èéfín, kí ló dé tí kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí? Ọ̀pọ̀ wọn ò ní lè dáhùn pé kò ní sẹ́ẹ̀lì, kì í dàgbà, kì í bímọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan patanmọ́ lẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n rí bó ṣe ń pa ewé dé. Ẹ ra olú tútù lọ́jà Ìgbọ̀nà, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ dà á délẹ̀ sórí bébà funfun, kí ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Èèrún tó máa já sílẹ̀ lórí bébà náà ni olú fi ń bí irú rẹ̀, kò ní òdòdó, kò ní èso. Igbó Ọ̀ṣun náà wà nítòsí, hẹ́kítà 75, tí UNESCO ti kà mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Wọn kì í ṣọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í gégi, ìdí nìyẹn tí ọ̀bọ fi ń rìn fàlàlà lójú wa.

Mo sì bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n yẹ àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé.

Òbí kan,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.