Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Kútọ̀nù lórí “have” àti “has”

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé àwọn ọmọ ń bọ̀ wá kàwé nílé. O ní Faransé ti mọ́ wọn lẹ́nu, Yorùbá wọn sì dá ṣáká, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n ní, ọ̀rọ̀ a dojú rú. “Have” ló ń dà wọ́n láàmú. Ó yẹ kí a tú u palẹ̀ kí wọ́n tó dé, torí kò sí ọjọ́ tí wọn ò ní lò ó ní kíláàsì.

“Ní” tiwa ló kọ́kọ́ ń fa wàhálà. “Ìyá àgbà ní ìkòkò méjì” jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun ìní. “Ìyá àgbà ní òun ń bọ̀” jẹ́ ohun tó fẹnu sọ. “Ìyá àgbà wà ní Òkè-Ajé” ń tọ́ka ibi tó wà. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni “has”: “Grandma has two pots.” Ìkejì ń fẹ́ “said”, ìkẹta ń fẹ́ “at” tàbí “in”. “Ní” yìí a tún máa fara pamọ́: nínú “ó lówó” àti “wọ́n lọ́mọ”, òun ló di “l” yẹn. Kí wọ́n kọ́kọ́ tú u padà sí “ní owó”, “ní ọmọ”, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì.

“I”, “you”, “we”, “they” ń gba “have”. Ẹnì kan ṣoṣo tàbí nǹkan kan ṣoṣo tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba “has”. Ohun tó ti kọjá ń gba “had”, ẹni yòówù kó jẹ́. Títí dé ibẹ̀ kò le. Ibi tó le ni ọ̀wọ̀ tí a fi kọ́ wọn: a máa ń sọ pé “Bàbá ní mọ́tò, wọ́n tún ní ilé”, ọmọ á wá sọ pé “Father have a car, they have a house.” “Wọ́n” ti ọ̀wọ̀ kò sí lédè Gẹ̀ẹ́sì. “He has” ni, bí Bàbá tilẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Jọ̀ọ́, ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn pé kì í ṣe àfojúdi, kí ẹ̀rù má bà wọ́n láti sọ ọ́. Kí wọ́n tún ṣọ́ “one of” àti “every”: “One of my uncles has a farm in Ijebu-Igbo”, torí àwọn arákùnrin òbí mi pọ̀ lóòótọ́, ẹnì kan ló ni oko. “Every regberegbe has its own cloth for Ojude Oba”: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tó ń jáde níbi ọdún Ojúde Ọba nílùú wa, pọ̀, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni “every” ń kà wọ́n.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù wà nínú ìbéèrè àti nígbà tí a bá ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. “She has a pot” á di “She does not have a pot”, á di “Does she have a pot?” “S” tó wà lára “has” ti ṣí lọ sára “does”, kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí “does she has” kò fi tọ̀nà. Bákan náà ni “did they had”: “did” ti gbé ohun tó kọjá dání, “have” lásán ló kù.

“I am having a car” náà ń kọ́? Yorùbá wọn ló máa gbà wọ́n níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé “mo ń ní mọ́tò”. Níbi tí “ń ní” kò bá ti dún létí, kí wọ́n yọ “having” kúrò. Àmọ́ “we are having lunch” dára, torí oúnjẹ là ń jẹ, a kò sọ̀rọ̀ ohun ìní.

Faransé náà ní ọ̀fìn tirẹ̀, torí “j’ai” tirẹ̀ ni “mo ní”. “J’ai dix ans” á mú kí wọ́n sọ pé “I have 10 years”. “I am 10” ni. “J’ai faim” á di “I have hunger”. “I am hungry” ni. Ṣùgbọ́n tí orí bá ń fọ́ wọn, “I have a headache” tọ̀nà, Faransé ò ṣì wọ́n lọ́nà níbẹ̀. Bí ohun kan bá ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọdún mẹ́ta, tó ṣì wà níbẹ̀, “I have had this bag for 3 years” ni. “I have this bag since 3 years” kò dára.

Tí nǹkan bá ṣíwájú tí olówó rẹ̀ wá tẹ̀ lé e, “belong” ló kàn: “This land belongs to our family.” Ẹ má ṣe fi “is” sí i. Kí wọ́n sì mọ̀ pé “I have your umbrella” lè jẹ́ pé agboòrùn rẹ kàn wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n “own” ń sọ pé tèmi pátápátá ni.

Ní ti ẹnu, Faransé kì í pe “h”, wọ́n á máa sọ “ave”. Kí wọ́n sọ “ihò” àti “hàn” ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n wá gbé “h” yẹn lọ sára “have”. “V” àti ìró “z” tó wà ní ìparí “has”, tó máa ń ni wá lára níbí, Faransé ti fún wọn.

Lálaalẹ́, kó nǹkan márùn-ún sórí tábìlì, ìṣẹ́jú 15 péré. Kí wọ́n sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà mẹ́ta: mo ní in, n kò ní in, ṣé o ní in? Ọ̀sẹ̀ kìíní fún “I” àti “you”, ìkejì fún “he” àti “she”, ìkẹta fún “had”. Tí wọ́n bá ṣì í, má ṣe bá wọn wí. Tún gbólóhùn náà sọ bó ṣe yẹ, kí wọ́n sọ ọ́ tẹ̀ lé ọ.

Kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ gbólóhùn mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì. Màá sàmì sí i, màá sì dá a padà. Gàrí Ìjẹ̀bú tí ìyàwó rẹ béèrè ti wà nílẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.