Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Leipzig

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà, ìwọ, ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ? Àwa náà wà dáadáa ní Ìbàdàn níbí, àfi ooru tó ń bá wa fínra. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ẹ̀lùbọ́ tó fi ránṣẹ́ ti dé.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù kò tíì kúrò lọ́kàn mi. O ní obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ yín kọ ìwé lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yín nítorí ariwo blẹ́ńdà lọ́jọ́ Àìkú, o sì ní àwọn ará ibẹ̀ ò mọ ọ̀wọ̀, pé kí ló dé tí kò kanlẹ̀kùn kó bá ọ sọ̀rọ̀. Fara balẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Hamburg, ohun tí mo rí ni pé àwọn ará Jámánì ní ọ̀wọ̀, ibi tí wọ́n fi tiwọn sí ni kì í ṣe ibi tí a fi tiwa sí. Tiwa wà nínú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Tiwọn ni pé kí o má pẹ́ dé, kí o má sì da ẹni tó ń sinmi láàmú.

Òfin ló dáàbò bo ọjọ́ Àìkú wọn. Ṣọ́ọ̀bù á tì, ẹnikẹ́ni kì í lu ògiri, kódà a kì í ju ìgò òfìfo sínú àpótí ìgò tó wà níta lọ́jọ́ náà, nítorí ariwo rẹ̀. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, bákan náà ni lójoojúmọ́. Nítorí náà, lọ ata rẹ ní Sátidé, kí o kó o sínú fíríìsà. Ti iyán, ẹ má wulẹ̀ gbé odó dé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ẹ ro ìyẹ̀fun iyán, kí ọbẹ̀ bá yín bo àṣírí rẹ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, ìwé tó kọ yẹn ti parí ọ̀rọ̀. Wọn a là á mọ́lẹ̀ fún ọ, wọn kì í gbé e sínú. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ló ń lọ kí àwọn tó bá nílé. Ẹ̀yin ń retí kí wọ́n wá kí yín káàbọ̀, àwọn náà sì ń retí yín. Mú àwọn ọmọ dání lọ́sàn-án Sátidé, kí o gbé puff-puff díẹ̀ lọ́wọ́, kí o sọ orúkọ yín fún un. Wò ó lójú bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo kọ́ ọ pé kí o máa wolẹ̀ níwájú àgbà, àmọ́ lójú tiwọn, ẹni tó ń wolẹ̀ ní nǹkan tó ń fi pamọ́.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ni àṣà o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọ̀ rẹ ni wọ́n ń bá jà. Ẹni tó kọ̀wé nítorí ariwo yóò dá ọ lóhùn bí o bá kí i lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tí ìkíni rẹ ń bí nínú, tiẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ blẹ́ńdà. Má bá a fa ọ̀rọ̀; kọ ọjọ́ àti ohun tó sọ sílẹ̀, kí ọkọ rẹ fi han onílé.

Ṣé orúkọ yín ti wà lára bẹ́ẹ̀lì àti àpótí lẹ́tà? Orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ń dá ilé mọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà yàrá. Bí kò bá sí níbẹ̀, lẹ́tà á padà síbi tó ti wá. Èyí tó ń béèrè €18.36 lóṣooṣù fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó san án, bí ẹ ò tilẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn ọmọ ló wà lọ́kàn mi jù. Láti ọdún 2000 ni òfin wọn ti sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ kí a tọ́ ọ láìlù ú. Mo mọ ọwọ́ ìyá rẹ, mo sì mọ̀ pé o jogún rẹ̀. Ojú ni kí o máa fi bá wọn wí. Ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, dandan ni. Ẹ ò lè fa ọmọ yọ láàárín táàmù nítorí òwàǹbẹ̀. Bí ẹ ó bá wá sí ìgbéyàwó àbúrò rẹ, ìgbà ìsinmi ni kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sí, bó ti wù kó wọ́n tó. Èdè Jámánì á wọ inú wọn fúnra rẹ̀. Yorùbá nìkan ni mo ní kí ẹ máa bá wọn sọ nínú ilé, kí ìyá rẹ má baà máa wá ògbufọ̀ nígbà tó bá fẹ́ bá wọn ṣeré lórí fóònù.

Ẹ̀kọ́ owó wà nídìí ìgò ike. Sẹ́ǹtì 25 ni ẹ ń san mọ́ iye ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó sì gbà á padà bí ẹ bá dá ìgò náà padà. Ẹ̀rọ tó ń gba ìgò náà nínú supamákẹ́ẹ̀tì á máa yí i títí yóò fi rí àmì ara rẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ rún, yóò tì í padà. Jẹ́ kí Dàmọ́lá máa kó wọn lọ, kí owó rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀.

Ó ń wọ ilé ìwé lóṣù kẹjọ, àbí? Ẹ ó rí i pé gbogbo ọmọ tuntun ló ń gbé páálí gígùn kan dání, tí wọ́n ká bí ìwé ẹlẹ́pà, tó kún fún súìtì àti pẹ́ńsù. Zuckertüte ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ yín, agbègbè yín sì wà lára ibi tí àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Má jẹ́ kí tiẹ̀ dín sí ti ẹnìkankan. A lè fi aṣọ bò ó, ìyá rẹ sì ti ra àdìrẹ. Àwọn tí mo rí ní Hamburg tó 70 sẹ̀ǹtímítà. Wọ̀n tiyín kí o fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, torí télọ̀ wa kì í tètè ránṣọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ