Sí Gbóyèga, lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin òkun

Gbóyèga ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, orí ìdúró ni mo sì ti kà á tán. A dúpẹ́ pé ara ìyàwó rẹ ti yá, tí àwọn ọmọ náà sì wà dáadáa. Àwa náà wà níbí, kò síbi tó ń dùn wá. Ó ti pẹ́ gan-an tí a ti gbúròó ara wa, mo tiẹ̀ ti fẹ́ máa bínú sí ọ kí n tó dé ibi tí o ti ní o fẹ́ sin ẹṣin òkun, ẹja kékeré olórí ẹṣin tí àwọn olóyìnbó ń pè ní seahorse, tí o sì ní kí n sọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ fún ọ. Ìwọ tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lóru! Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìyá àwọn ọmọ yọjú láti wò ó pé kí ló dé.

O ní o fẹ́ ra méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé wàá wá tánkì fún wọn lẹ́yìn náà. Gbóyèga, mo bẹ̀ ọ́, má tíì rà wọ́n. Tánkì ló ń ṣáájú ẹja, omi ló sì ń ṣáájú gbogbo rẹ̀. Bí o bá gbé ẹṣin òkun sínú omi tuntun, ìgbẹ́ ara rẹ̀ ni yóò pa á kí oṣù náà tó parí.

Tánkì tó ga ni kí o wá, má wo èyí tó kàn gùn gbọọrọ. Ìnàró ni ẹja yìí máa ń wà nínú omi. Bí akọ àti abo bá sì fẹ́ bá ara wọn lò, ńṣe ni wọ́n jọ ń gòkè lọ ní ìfojúkojú, ikùn sí ikùn, tí abo yóò fi kó ẹyin rẹ̀ sínú àpò tó wà níkùn akọ. Bí omi kò bá jìn tó, ẹyin á kàn dà sílẹ̀ ni. Fún irú àwọn tó máa ń dàgbà dáadáa, bí i Hippocampus erectus tàbí Hippocampus reidi, èmi ò lè gbà kí gíga tánkì dín ní sẹ̀ǹtímítà 45, kí omi inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí i lítà 110 fún ẹyọ méjì.

Omi tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ dáadáa ni kí o lò, èyí tí kò ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ. Po iyọ̀ òkun tí wọ́n ṣe fún tánkì mọ́ ọn, kì í ṣe iyọ̀ ìdáná o, títí tí ìwúwo omi náà, bí a bá fi wé ti omi tí kò ní iyọ̀ (specific gravity), yóò fi bọ́ sáàárín 1.023 sí 1.025. Tan fílítà, kí o wá ní sùúrù. Àwọn bakitéríà tí kò ṣeé fojú rí là ń dúró dè. Àwọn kan nínú wọn ló ń sọ ammonia, ìyẹn májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà jáde, di nitrite. Àwọn mìíràn ló sì ń sọ nitrite, tí òun náà léwu, di nitrate tí ara ẹja lè gbà díẹ̀. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ju òkú edé kan sínú omi kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, kí o sì máa fi èlò àyẹ̀wò yẹ omi wò lóòrèkóòrè. Ọjọ́ tí ammonia àti nitrite bá di òdo, tí nitrate nìkan ṣẹ́ kù, ọjọ́ yẹn ni kí o tó máa bá mi sọ̀rọ̀ ẹja.

Ìgbóná omi ló ń pa tọ̀pọ̀ èèyàn, wọn ò sì ní mọ̀. Wọ́n á ní ẹja ilẹ̀ olóoru ni, ooru kò lè ṣe é ní nǹkan. Irọ́ ni. Láàárín 22 sí 24 ni mo máa ń jẹ́ kí omi tèmi wà lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá ti ń kọjá 26, àwọn kòkòrò àrùn bí i Vibrio á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i kíákíá, awọ ẹja á máa bó, ìrù rẹ̀ á máa jẹrà. Bí yàrá rẹ bá máa ń gbóná, fáànù kékeré tó ń fẹ́ sí ojú omi lè mú un tutù díẹ̀, àmọ́ omi á máa fà lọ. Omi lásán ni kí o fi dí èyí tó fà, torí pé omi nìkan ló lọ, iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí o bá sì nílò ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, fi nǹkan yí i ká. Ẹṣin òkun á lọ fi ìrù wé e, á sì jóná síbẹ̀ láì jáwọ́.

Ìrù yẹn gan-an ni o máa fi mọ ohun tí o máa kó sínú tánkì. Ẹja tí kì í lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa ni. Lẹ́bẹ́ kékeré kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbọ̀n rìrì láti tì í síwájú. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mú. Ewéko oníke, okùn tó nípọn, ewé òkun gidi tí wọ́n ń pè ní Caulerpa, gbogbo rẹ̀ dára. Àwọn iyùn tó ń ta èèyàn àti anemone, ẹ̀dá òkun tó jọ òdòdó tí òun náà máa ń ta, ni kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Fi fóòmù bo ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi. Má sì gbọ́ ti àwọn tó ní kí omi dúró sójú kan pátápátá. Jẹ́ kó máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa gbá jọ, kí igun kan tàbí méjì sì wà tó parọ́rọ́.

Ní ti alábàágbé, ìgbín òkun kéékèèké tó. Ẹja tó bá yára á jẹ oúnjẹ tán kí ẹṣin òkun tó pinnu.

Nígbà tí o bá wá fẹ́ rà á, èyí tí wọ́n bí sínú tánkì ni kí o rà. Láti ọdún 2002 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn CITES ti kọ gbogbo irú ẹṣin òkun mọ́ àwọn ẹ̀dá tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ òwò wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn. Ti èmi àti ìwọ ni pé èyí tí wọ́n mú láti inú òkun kò mọ oúnjẹ mìíràn ju ohun tó ń rìn lọ. Wàá da òkú edé síwájú rẹ̀, á wò ó, á yíjú, ebi á sì pa á kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Kí o tó sanwó, sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó fún un ní oúnjẹ inú fìríìsà níṣojú rẹ. Bí kò bá jẹ ẹ́, máa bá tìrẹ lọ. Má jẹ́ kí àánú ṣe ọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí o béèrè gan-an ló kù.

Ẹṣin òkun kò ní eyín, kò sì ní àpòlùkù. Ohun tó bá gbé mì, kì í pẹ́ kọjá lára rẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ló ń jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló kéré jù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dára. Kì í lé oúnjẹ kiri. Ńṣe ló máa ń dì mọ́ ibi tó wà, tí á máa retí. Edé kékeré tí wọ́n ń pè ní mysis ni oúnjẹ tó bá a lára mu jù, èyí tí wọ́n dì nínú yìnyín. Bu ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán sínú ife, jẹ́ kí yìnyín ara rẹ̀ yọ́, dà á sínú asẹ́ kékeré, kí o fi omi ṣàn án títí omi rẹ̀ kò fi ní dúdú mọ́. Ẹyọ tó pé odindi ni wọ́n ń fẹ́. Èyí tó ti fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, omi nìkan ló ń bà jẹ́.

Wá àwo gíláàsì kékeré kan tàbí ìkarahun tó fẹ̀, gbé e sí igun tó parọ́rọ́, kí ohun tí wọ́n lè fi ìrù dì mú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí o bá ti gbé e síbẹ̀, má ṣí i nípò mọ́. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa jẹun títí ayé. Paná pọ́ǹpù, kan ìdérí tánkì lẹ́ẹ̀mẹta, kí o wá bu oúnjẹ sínú àwo. Ìró kan náà ni, àkókò kan náà, lójoojúmọ́. Wọ́n máa ń gbọ́ràn jù bí o ṣe rò lọ. Àwọn tèmi ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kí n tó ṣí fìríìsà. Ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń gbọ́, n kò sì mọ ẹni tó kọ́ ẹnì kejì nínú wa.

Má fi òkú edé bẹ̀rẹ̀. Edé Artemia tó wà láàyè ni kí o kọ́kọ́ fi sínú àwo, kí wọ́n lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbé. Bí wọ́n bá ti ń wá síbẹ̀ fúnra wọn, po mysis díẹ̀ mọ́ ọn. Fi síríǹjì tí o so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lẹ́nu fẹ́ omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí òkú náà lè máa mì bí ẹni pé ó ń rìn. Lójoojúmọ́, dín alààyè kù, fi kún òkú. Bí ọ̀kan bá mọ̀ ọ́n jẹ, àwọn yòókù á máa wò ó, wọ́n á sì tẹ̀ lé e; ìdí nìyí tó fi dára kí èyí tó ti mọ̀ ọ́n jẹ wà pẹ̀lú èyí tó ṣì ń tiraka. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ má fi ebi kọ́ wọn o. Wo ikùn rẹ̀: bó bá ti wọnú, tí egungun ẹ̀gbẹ́ ń yọ gbọ̀ngbọ̀n, padà sí alààyè kíákíá. Má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí Artemia lásán, kò ní ọ̀rá tó ara ń fẹ́, àfi bí o bá fi oúnjẹ gidi bọ́ Artemia náà fúnra rẹ̀ kí o tó dà á sí i.

Abo kan wà nínú tèmi tó jẹ́ olórí kunkun. Nígbà tí àwọn yòókù ti ń jẹ mysis, kò dá àwo náà lóhùn. Mo wá fi síríǹjì gbé edé kan ṣoṣo sí òkè ẹnu rẹ̀ díẹ̀, mi ò tì í mọ́ ọn lẹ́nu, mo kàn jẹ́ kó máa já bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ méjèèjì kì í jọ yí, bí ti agẹmọ: ọ̀kan ń wò mí, èkejì tẹ̀ lé edé yẹn wálẹ̀. Ó tẹ orí ba. Ẹnu rẹ̀ tó gùn yẹn sún mọ́ edé náà títí kò fi ju ìbú èékánná lọ láàárín wọn, síbẹ̀ omi kò mì. Ó tún dúró. Mo ti fẹ́ gbé síríǹjì kúrò nígbà tí mo gbọ́ “tọ́!” láti ẹ̀yìn gíláàsì. Edé ti wọlé. Èérún rẹ̀ díẹ̀ fọ́n jáde láti ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ bí i èéfín, ó wá gbójú sókè, ó ń wá òmíràn. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kọ́kọ́ dé ìdí àwo.

Kó èyí tó bá ṣẹ́ kù kúrò láàárín ààbọ̀ wákàtí, kí o tó tan pọ́ǹpù padà. Èyí ṣe kókó ju bó ṣe rí lọ. Edé tó bá jẹrà sábẹ́ ewéko lálẹ́ ni yóò di wàhálà omi lọ́jọ́ kejì. Kí o sì máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún tó, bí ìwọ̀n iyọ̀ àti ìgbóná méjèèjì bá ti bára mu.

O béèrè bóyá òótọ́ ni pé akọ ló ń lóyún. Òótọ́ ni. Oyún rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, á wá da ọmọ jáde lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, kò sì ní tọ́jú ẹyọ kan nínú wọn. Àwọn ọmọ yẹn kò lè jẹ mysis. Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láti inú ẹyin ni wọ́n ń fẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Bí ikùn akọ rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kọ̀wé sí mi kíákíá, n ó ṣàlàyé ìyẹn lọ́tọ̀.

Ní báyìí, wọn ibi tí o fẹ́ gbé tánkì sí, kí o sì rí i pé tábìlì náà lè gbé ẹrù. Lítà omi kan tó kílò kan, gíláàsì àti òkúta ṣì wà níbẹ̀. Fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó ra ohunkóhun.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Délé